Sánmà Tó Ń Rùn Bí Ẹ̀kọ Kíkan

Bí ẹ bá po ẹ̀kọ tó ti kan mọ́ kẹrosíìnì, òórùn tó máa jáde níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fẹ́ nínú ilé rẹ̀. Á ta sí yín nímú, á tún jókòó sí yín lọ́nà ọ̀fun. Òórùn yẹn ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ kan ní Ìsẹ́yìn, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí mo lúgọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná wa kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, tí mo dojú ìwé funfun kan dé orí abọ́ ẹ̀kọ tí mo jí. Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, mo gbé ìwé náà sókè. Sánmà ló wà lára rẹ̀. Dúdú rẹ̀ dúdú dáadáa, búlúù ń ṣàn kọjá láàárín rẹ̀, òṣùpá wà níbẹ̀, àní ajá oṣù, ìràwọ̀ ńlá tó máa ń bá òṣùpá rìn yẹn, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò tíì ṣe ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Kí n má purọ́ fún yín, n kò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́ títí dòní.

Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ọmọdé nígbà yẹn, nígbà tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú, tí àwọn tó ní in ń wá ibi gíga dúró sí kí wọ́n tó lè gbọ́ ara wọn, ẹ mọ irú iléèwé tí mò ń sọ. Páànù rẹ̀ ń jò, ọmọ márùn-ún ló ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, èéfín àwọn tó ń din àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà sì máa ń fẹ́ wọlé bá wa títí a ó fi gbàgbé ohun tí a ń kọ́. Ọ̀gá Àgbà kan ló ń darí rẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí ó ti darúgbó, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ṣì wà ládùúgbò. Táì pupa kan ló ní. A kò rí i kí ó tú u rí. Àfi bí ẹni pé ọjọ́ tí wọ́n fi í jẹ ọ̀gá ni wọ́n ti so ó mọ́ ọn lọ́rùn, tí wọ́n wá gbàgbé láti fi bí wọ́n ṣe ń tú u hàn án. Kò sí ohun tí ọkùnrin yìí kò mọ̀. Bí tíṣà kan bá sọ ohun tí kò mọ̀ lójú rẹ̀, á fi imú rẹ́rìn-ín, á ní, "Ṣé èmi lo wá ń kọ́?"

Ní sáà kejì ọdún yẹn, àwọn tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ lágbègbè wa kọ lẹ́tà sí àwọn iléèwé. Wọ́n ní àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọdé máa wáyé ní Ṣakí, pé olùbẹ̀wò kan máa kọ́kọ́ yí iléèwé ká láti yan ọmọ kan ní iléèwé kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n ní kí a ṣe ni wọ́n pè ní "sípéèsì mábílìn." Ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì méjì péré. Ọ̀gá Àgbà dúró níwájú wa láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ó na lẹ́tà náà sókè, ó túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Sípéèsì, ó ní, ààyè ni. Mábílìn, ó ní, mábù ni, òkúta tí wọ́n ń wà ní Ìgbẹ́tì. Ìjọba fẹ́ kí a ṣán ààyè kan, kí a to mábù sí i. Ó ní kò sí iléèwé tó máa rí mábù kó jọ tó tiwa, torí bàbá ọmọ kan ní kíláàsì kẹrin ń wa típà lọ sí Ìgbẹ́tì. Àwọn tíṣà pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, mo gọ̀ nígbà náà.

Odidi ọ̀sẹ̀ kan la fi wá ààyè fún Ọ̀gá Àgbà. Ilẹ̀ ẹ̀yìn kíláàsì kẹfà, tí òjò kò tíì kàn láti ìgbà ọyẹ́, ni a fi ọkọ́ àti àdá kọlù títí àtẹ́lẹwọ́ wa fi bó. Lọ́jọ́ kẹta, típà dé, eruku pupa ọ̀nà Ìgbẹ́tì ti bo gíláàsì rẹ̀. Ó da àfọ́kù mábù sílẹ̀ lẹ́nu géètì, torí kò rí ọ̀nà wọlé, àwa la sì fi orí ru ú dé ẹ̀yìn kíláàsì. Àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní ru wẹ́wẹ́, àwa àgbà ru èyí tó wọ̀ wá lọ́rùn. Ọ̀gá Àgbà gbé àga síta, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń fi ìka tọ́ka sí ibi tí a ó to ó sí. Ó ní kí á to ó ní gbọọrọ, kí a fi òkúta tó ga dá orí rẹ̀ mọ̀. Nígbà tí a parí, àwọn tó ń gba ẹ̀yìn iléèwé kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró bi wá léèrè ẹni tí a sin síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ibojì ló jọ lóòótọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ohun tí lẹ́tà yẹn ń wí, agùnbánirọ̀ kan tí ìjọba rán wá sí iléèwé wa fún ọdún kan. Ántí Kọ́pà là ń pè é. Ó lọ bá Ọ̀gá Àgbà ní ọ́fíìsì, àwa tí a ń ru òkúta kọjá lẹ́bàá fèrèsé sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, sánmà ni wọ́n ń sọ, ibi tí òṣùpá àti ìràwọ̀ wà. Wọ́n á da ọ̀dà sójú omi, wọ́n á fi ìwé gbé e." Ọ̀gá Àgbà ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ọ̀gá Àgbà wá pe igbákejì rẹ̀ kí òun náà wá gbọ́. "Ó ní wọ́n ń fi ìwé gbé ọ̀dà lójú omi," ó ní. "Ọmọ àná. Èmi ló fẹ́ kọ́ ní gẹ̀ẹ́sì." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú igbákejì, ẹni tí kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń rín.

Ántí Kọ́pà kò bá wọn jiyàn. Ó lọ bá péńtà kan tó ń kun géètì mọ́ṣáláṣí, ó tọrọ ìsàlẹ̀ agolo ọ̀dà mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, dúdú, búlúù àti funfun. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó bu omi sínú abọ́ fífẹ̀ kan, ó fi kẹrosíìnì la ọ̀dà kí ó lè fúyẹ́, ó kán an sójú omi, ó ní kí a máa wò ó. Ọ̀dà náà sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ìwé tí a gbé jáde jọ omi gọ́tà tí mẹkáníìkì da ọ́ìlì sí. Gbogbo kíláàsì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ántí Kọ́pà ní omi náà ló fúyẹ́ jù. Ó ní ìyẹ̀fun kan wà tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kí ó lè ki díẹ̀, kí ọ̀dà lè dúró síbi tí a bá fi í sí, ṣùgbọ́n òun kò mọ ibi tí òun ti lè rí i ní gbogbo agbègbè wa. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, mo rántí ike ẹ̀kọ bàámi. Nígbà tí wọ́n lu aago àtilọ sílé, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní ọ̀dà tó ṣẹ́kù àti ìwé mẹ́ta. Kò bi mí ní ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ó kó o fún mi.

Ahunṣọ ni bàámi. Òfì rẹ̀ wà lábẹ́ àtíbàbà tó kọjú sí àgbàlá wa, òwú ìwájú rẹ̀ nà gbọọrọ kọjá àgbàlá lọ dé ibi òkúta tó fà á le. Àwọn ahunṣọ yòókù ti ń ra òwú tó ti le láti ṣọ́ọ̀bù. Bàámi kò gbà. Ó ní òwú òun gbọ́dọ̀ mu ẹ̀kọ kí ó tó le, ẹ̀kọ tó ti kan, tí wọ́n sẹ́ ògì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó ki tó kí ó dúró lára òwú, tó sì ṣàn tó kí ó má baà ṣù. Inú ike aláwọ̀ ewé kan ló máa ń dà á sí, á fi pátákó dé e, á gbé òkúta lé e lórí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń yọ ọ́ lẹ́nu pé òwú rẹ̀ ń jẹun ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Á kàn tún bu ẹ̀kọ sí òwú rẹ̀ ni.

Ó ní ìwà kan tó máa ń sú mi. Ohunkóhun tí mo bá ṣe tó dára lójú mi, bí mo bá gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní sọ pé ó dára, kò ní sọ pé kò dára. Ohun tó máa sọ ni, "Tún un ṣe kí n rí i." Mo di irun àbúrò mi, "Tún un ṣe kí n rí i." Mo ka Kùránì láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ewé láìṣì, "Tún un ṣe kí n rí i." Iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun aṣọ òkè, wọ́n á wá rán an pọ̀, bí ìlà kẹwàá kò bá sì bá ti àkọ́kọ́ mu, oníbàárà á dá gbogbo rẹ̀ padà. Lójú bàámi, ohun tí ọwọ́ rẹ kò bá lè ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe ọwọ́ rẹ ló ṣe é.

Mo bu ẹ̀kọ rẹ̀ ní àárọ̀ mẹ́ta léra wọn, agolo mílíìkì kan lójúmọ́, nígbà tí ó bá lọ kírun àfẹ̀mọ́júmọ́. Lọ́jọ́ Ajé, mo lò ó bí ó ṣe ki tó, ọ̀dà kò rìn rárá, ó jókòó sójú kan. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo bomi là á, mo là á jù. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, bàámi bèèrè ẹni tó ń bu ẹ̀kọ òun. Mo ní ewúrẹ́ ni. Ẹ gbọ́ irọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ewúrẹ́ tó gbé òkúta sọ̀ kalẹ̀, tó ṣí pátákó, tó mu ẹ̀kọ tán, tó tún dé ike padà, tó gbé òkúta lé e. Bàámi wò mí, ó wo ewúrẹ́, ó padà sídìí òfì rẹ̀.

Lọ́jọ́rú, ẹ̀kọ náà ki bó ṣe yẹ. Mo kán dúdú sí i, mo kán búlúù, mo fi funfun díẹ̀ wọ́n ọn, mo sì fi òòyà tó ti káyín fà á lọ fà á bọ̀. Mo ti fẹ́ da ìwé dé e nígbà tí kẹrosíìnì kán bọ́ láti etí agolo tó wà lọ́wọ́ mi. Ó bọ́ sáàárín dúdú, ọ̀dà sì sá fún un, ibẹ̀ là, ó rí roboto. Mo fẹ́ sunkún pé mo ti bà á jẹ́. Ẹ̀kán kejì tún bọ́, ó kéré sí ti àkọ́kọ́, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí mo gbé ìwé náà sókè ni mo tó mọ̀ pé òṣùpá àti ajá rẹ̀ ni.

Mo gbé e lọ sí iléèwé láàárín páálí méjì, mo tò ó mọ́ àwọn ìwé yòókù lórí tábìlì Ántí Kọ́pà. Òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ti lọ sí Ìbàdàn fún ètò àwọn agùnbánirọ̀, kò sì ní dé kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni olùbẹ̀wò dé, obìnrin gíga kan tó fi gèlè di etí méjèèjì pa nítorí eruku. Ọ̀gá Àgbà mú un lọ sí ẹ̀yìn kíláàsì kẹfà, ó na ọwọ́ sí ibojì wa. Obìnrin náà wò ó títí. Ó ní, "Ìwé àwọn ọmọ dà?" Ọ̀gá Àgbà ní mábù náà nìyí. Obìnrin náà yọ ẹ̀dà lẹ́tà jáde nínú báàgì, ó kà á fún un, ó túmọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá níwájú wa, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé èkejì. Ṣé ẹ rò pé ojú ti ọkùnrin yẹn? Ó ní, "Ìyẹn náà wà. Mo ti ní kí kọ́pà mi máa bójú tó o."

Bí wọ́n ṣe wọ kíláàsì nìyẹn, tí olùbẹ̀wò ṣí àwọn ìwé olómi gọ́tà wa lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó fi kan tèmi, tí ó dúró. Ó gbé e lọ sí ẹnu fèrèsé. Ó bèèrè ẹni tó ṣe é. Mo nawọ́. Ó ní bí èmi ni mo ṣe é, èmi ló máa lọ sí Ṣakí. Inú mi dùn gan-an. Ọ̀gá Àgbà wá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ọmọ ahunṣọ tí kò ní ìbọ̀sẹ̀, ó rẹ́rìn-ín ní imú. Ó ní ara kàlẹ́ńdà ni mo ti gé e. Ọkùnrin tó fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ibojì nítorí pé kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, òun ló fẹ́ dá mi lẹ́jọ́.

Olùbẹ̀wò ní kí n tún un ṣe níwájú òun. Wọ́n gbé abọ́ wá, wọ́n bu omi sí i. Omi lásán. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ká mi mọ́? Mo mọ ohun tó kù, ṣùgbọ́n bí mo bá ní ẹ̀kọ ni, wọ́n á bi mí ibi tí mo ti rí ẹ̀kọ, bàámi á sì gbọ́. Mo kán ọ̀dà sí omi, ó sá. Mo tún un ṣe, ó tún sá. Ìgbà kẹta, omi ojú mi ló ń kán sínú abọ́. Obìnrin náà mi orí, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní òun máa fi àyè orúkọ iléèwé wa sílẹ̀ di ọ̀sán ọ̀la, bí Ọ̀gá Àgbà bá rí ìdí rẹ̀, kí ó fi orúkọ àti ìwé náà ránṣẹ́. Bí ó ṣe jáde, Ọ̀gá Àgbà mú báírò pupa, ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn sánmà mi gàdàgbà: "Ta ló bá ọ ṣe é?" Ó ní kí n mú bàbá mi wá. Kí n tó dé ilé, orúkọ mi ti di Rámátù Kàlẹ́ńdà lẹ́nu gbogbo ọmọ kíláàsì mi.

Mo sọ ìdajì rẹ̀ fún bàámi. Mo ní mo ya àwòrán, wọ́n ní mo purọ́, bí ó bá di ọ̀sán ọ̀la tí wọn kò gbà mí gbọ́, n kò ní lọ sí Ṣakí mọ́, èmi ni wọ́n á sì máa pè ní òpùrọ́ títí n ó fi jáde kíláàsì kẹfà. Kò gbé ojú kúrò lára òwú rẹ̀. "Tún un ṣe kí n rí i," ó ní. Mo ní kò ṣe é tún ṣe. Ó mi orí bí ẹni tó ti gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́. Mo kórìíra rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, mo rò pé ọ̀kan náà ni òun àti Ọ̀gá Àgbà, àfi pé òun kò wọ táì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tẹ̀lé mi pẹ̀lú búbá iṣẹ́ rẹ̀, fọ́nrán òwú wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà kò fi àga lọ̀ ọ́. Ó rojọ́ mi tán, ó nawọ́ ìwé náà sí i. Bàámi kò mọ̀wé kà. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn níbi tí báírò pupa wà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò bí ó ṣe máa ń tẹ aṣọ wò. Lẹ́yìn náà ó gbé e sí imú. Ó fa òórùn rẹ̀, ó dúró, ó tún un fà.

"Ẹ̀kọ mi nìyí," ó ní.

Ọ̀gá Àgbà ní kí ni ó wí.

"Mo ní ẹ̀kọ mi ni. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń wá a. Ọmọ yìí ní ewúrẹ́ ló mu ún." Ó yí ojú sí mi, mo wolẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ gbóòórùn kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri yín, kí ẹ gbóòórùn èyí. Ọmọ mi ló ṣe é. Olè ni. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀."

Ọ̀gá Àgbà kò fẹ́ gbóòórùn ohunkóhun. Ó ní ọ̀rọ̀ kò lọ bẹ́ẹ̀, pé bí ọmọ bá mọ iṣẹ́ lóòótọ́, á lè tún un ṣe, pé ó ṣe tán, ahunṣọ gbọ́dọ̀ mọ ìyẹn. Mo rò pé ó ti parí, torí ọ̀rọ̀ bàámi gan-an ló mú fi lù ú. Bàámi ní, "Ọmọ mélòó lẹ bí, Ọ̀gá?" Ọ̀gá Àgbà ní mẹ́fà. "Ẹ lọ tún àkọ́bí yín bí kí n rí i," bàámi ní, "kí ó rí bó ṣe rí gẹ́lẹ́." Igbákejì tó wà lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ ohun tó ń rín.

Wọ́n kọ orúkọ mi. Mo lọ sí Ṣakí, wọ́n so sánmà mi kọ́ ara ògiri láàárín ogunlọ́gọ̀ òmíràn, n kò gba ipò kankan, gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ ọn sì ń yọ imú. Bàámi ní kí n máa sẹ́ ògì òun fún oṣù kan gbáko, ó sì dúró tì mí lójoojúmọ́ láti rí i pé mo sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá Àgbà kò sọ fún mi rí pé òun ṣì mí mú. Kí ọdún tó parí, ó ti ń sọ fún àwọn àlejò pé òun lòun mú iṣẹ́ ọ̀dà ojú omi wọ iléèwé náà. Mábù rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn kíláàsì kẹfà, koríko ti bò ó, ewúrẹ́ ń sùn lórí rẹ̀.

Tíṣà lèmi náà dà. Ṣakí ni mo wà báyìí, ní iléèwé aládàáni kan tí wọ́n kun ní àwọ̀ ìyeyè, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń wọ ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún nínú oòrùn. Sáà tó kọjá, wọ́n ra páálí kan fún mi pé kí n fi kọ́ àwọn ọmọ ní sánmà ojú omi. Ẹ wá wo páálí. Ọ̀dà mẹ́fà nínú ìgò kéékèèké, àwòrán tó ń fi hàn bí wọ́n ṣe ń da omi sínú abọ́, bí ẹni pé ẹnìkan wà tí kò mọ omi í dà, àti ìyẹ̀fun funfun kan tó ń mú omi ki. Mo pò ó, mo fi ìka kàn án, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ ni. Àfi pé wọ́n ti fọ òórùn kúrò lára rẹ̀. Mo pín in fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n lọ ṣe é nílé, mo sì ń sọ ìtàn Ọ̀gá Àgbà fún wọn, mo ń fi imú sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Fàrídà, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kì í sábà sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ bánà àti ìwé ìpè. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kó iṣẹ́ wọn dé, mo ṣí ti àwọn yòókù, àbàtà ni gbogbo rẹ̀. Mo ṣí ti Fàrídà, mo dúró. Ó dára ju tèmi ayé ọjọ́un lọ, ẹ̀rí ọkàn mi kò jẹ́ kí n sọ ohun mìíràn. Mo rántí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Mo mú báírò, mo yí ìwé náà padà, mo kọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo dá a padà fún un, mo sì lọ jẹun ọ̀sán mi. Mo jẹun náà tán. Kò sí ohun tó ṣe mí.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé e wá sí tábìlì mi. Ọ̀rọ̀ tèmi wà níbẹ̀ ní pupa, gàdàgbà: "Ta ló bá ọ ṣe é?" Ọmọ náà ti fi pẹ́ńsù dá mi lóhùn lábẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà kéékèèké: "Omi ni."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ mi lọ sí ọrùn mi fúnra rẹ̀, bí ẹni tó ń wá táì. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bú ọkùnrin yẹn, mo ti fi ṣe àwàdà níbi ìsọmọlórúkọ, mo ti fi dá ara mi lójú pé mo yàtọ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì gbà mí lọ́wọ́ báírò pupa kan. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo jẹ́ ní Ìsẹ́yìn kò mọ ìdáhùn tó tó bẹ́ẹ̀. Ẹkún ló mọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ di olè kí wọ́n tó gbà pé kì í ṣe òpùrọ́. Ṣùgbọ́n olè yẹn sàn jù mí lọ. Bí ó bá rí sánmà Fàrídà, ohun tó máa bèèrè ni bí wọ́n ṣe ṣe é.

Mo gbé ìwé náà sí imú. Kò rùn rárá, bàámi sì ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kò sí ẹni tó máa gba ọ̀nà iléèwé yìí wá jẹ́rìí sí i. Fàrídà ń wò mí, kò sunkún. Mo tọrọ pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí iwájú ìwé náà kí n lè so ó kọ́. Ara mi kò balẹ̀, mo fo lẹ́tà kan. Ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó.

"Ẹ ò kọ ọ́ dáadáa, Ántí," ó ní. "Ẹ tún un kọ."

Mo tún un kọ.